CPD wákàtí 35 lọ́dún: báwo lẹ ṣe ń rí i kó jọ láì na owó oúnjẹ ọmọ?

Ọmọ Ṣakí
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ti yege nínú ìdánwò RCVS, àjọ tó ń kọ orúkọ àwa dókítà ẹranko sílẹ̀ nílùú ọba, wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀, mo sì ti rí iṣẹ́ sí kíníìkì kan nítòsí Leeds. Ajá, ológbò, ehoro. Kò sí màlúù rárá. Ọdún yìí ni màá kọ́kọ́ lò láti January dé December lórí ìwé orúkọ wọn. Oṣù kẹsàn-án ti wọlé, wákàtí CPD (ẹ̀kọ́ àfikún tó jẹ́ dandan fún wa lọ́dọọdún) tí mo sì rí kọ sórí 1CPD, áàpù RCVS fún un, kò tíì tó nǹkan.

Àwọn tó ń ta kọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n sinmi. Ojoojúmọ́ ni ímeèlì wọn ń wọlé: "ẹ tètè ra wákàtí yín kí ọdún tó parí." Owó CPD wà nínú àdéhùn iṣẹ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì ọjọ́ kan péré á gbé gbogbo rẹ̀ mì. Kí ni wọ́n ń kà sí CPD gan-an? Ṣé dandan ni sátífíkéètì?

Èkejì: láísẹ́ǹsì tilé ńkọ́? Ṣé kí n máa san owó Veterinary Council of Nigeria lọ ni, àbí kí n jáwọ́ ńbẹ̀?

Bàbá Ehoro
Àbúrò, o kú oríire. Ìdánwò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Fọkàn balẹ̀, oṣù mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀.

Ohun tí RCVS ń béèrè kò le tó bí àwọn ọlọ́jà yẹn ṣe ń pariwo rẹ̀. Wákàtí 35 ni, láti ọjọ́ kìíní oṣù January títí dé òpin December. Kó tó di 2020, wákàtí 105 láàárín ọdún 3 ni wọ́n ń kà, èèyàn lè fi ọdún kan sùn kó sì fi èkejì sáré. Wọ́n ti pa ìyẹn tì. Èyí tó bá lé ní 35 lọ́dún yìí kò ní bá ọ wọ ọdún tó ń bọ̀. Láti 2022, orí 1CPD ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sí, a sì gbọ́dọ̀ máa kọ àròjinlẹ̀ wa sí i pẹ̀lú.

Ti sátífíkéètì, kò sí ohun tó sọ ọ́ di dandan. Bí o bá ka jọ́nà, ìyẹn ìwé ìmọ̀ iṣẹ́ wa, ó wọlé. Bí o bá gbọ́ wẹ́bínà, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wọlé. Bí ẹ̀yin ará kíníìkì bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn kan tó kú lójijì, tí ẹ yẹ gbogbo ohun tí ẹ ṣe wò látòkèdélẹ̀, ó wọlé. Bí o bá wọ tíátà tẹ̀lé ẹni tó mọ iṣẹ́ abẹ egungun jù ọ́ lọ, ó wọlé. Ohun tí kì í wọlé ni iṣẹ́ òòjọ́ lásán: o kò lè gún ajá lábẹ́rẹ́ àjẹsára látàárọ̀ dalẹ́ kí o pè é ní ẹ̀kọ́.

Wo ọ̀rọ̀ ehoro (wọn ò ṣàdédé máa pè mí ní Bàbá Ehoro). Nílé, ehoro tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń sìn fún ẹran. Níbí, ọmọdé á gbé ehoro wọlé nínú àpótí, ehoro ọ̀hún á ní orúkọ, ọmọ á sì máa sunkún pé kò jẹun látàná. Ajá àti ológbò là ń ní kí wọ́n gbààwẹ̀ kí a tó kùn wọ́n lóorun. A kì í fi ebi pa ehoro bẹ́ẹ̀, torí ehoro kò lè bì, bí kò bá sì rí koríko jẹ, ìfun rẹ̀ lè dákẹ́, ìfun tó dákẹ́ sì lè pa á. Lọ́sẹ̀ tí irú rẹ̀ bá dé iwájú rẹ, lọ kà nípa rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o sì kọ wákàtí tó gbà ọ́ sílẹ̀. CPD nìyẹn. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Ọmọ Ṣakí
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Àròjinlẹ̀ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ṣé àròkọ ni wọ́n fẹ́ ká máa kọ ni?

Bàbá Ehoro
Àròkọ kẹ̀? Ìlà díẹ̀ ti tó. Irú èyí tí mo máa ń kọ rèé:

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: ìtọ́jú ehoro tí ìfun rẹ̀ dákẹ́. Ohun tí mo ṣe: mo ka àpilẹ̀kọ méjì, mo sì bá nọ́ọ̀sì wa tó mọ ehoro dáadáa jíròrò. Wákàtí kan ààbọ̀. Ohun tó máa yí padà: ìrora ni màá kọ́kọ́ wá ojútùú sí, kí n tó máa ronú oògùn ìfun. Màá máa wo ẹnu dé ọ̀dọ̀ eyín ẹ̀yìn nígbà gbogbo, torí eyín tó gùn jù lè jẹ́ ìdí tí kò fi jẹun. A ti kọ ìlànà rẹ̀, a sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìtọ́jú."

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn gan-an ni wọ́n ń wá: kí ni ìwọ yóò ṣe tí kò ní rí bíi tàná? Bí o bá kọ "kọ́ọ̀sì náà dára, mo gbádùn rẹ̀", o kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọdọọdún ni wọ́n ń mú lára wa wò. Bí ọwọ́ bá bà ọ́, ohun tó wà lórí áàpù ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Torí náà, ọjọ́ tí o bá ṣe é ni kí o kọ ọ́. Ẹni tó bá dúró di December kó tó máa rántí ohun tó kà ní March, irọ́ ló máa kọ kẹ́yìn, irọ́ lórí ìwé iṣẹ́ ẹni kò sì dára.

Ìyá Ológbò
Mo kí gbogbo ilé. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ti ẹ̀gbọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ wo RCVS Academy kí ẹ tó fún oníkọ́ọ̀sì kankan lówó. Láti 2022 ni wọ́n ti ṣí i, ọ̀fẹ́ ni fún àwa tí orúkọ wa wà nílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe CPD àti bí a ṣe ń kọ àròjinlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, èyí wà fún yín: bí ẹ bá wà nínú ìsinmi ìbímọ, tàbí àìsàn dá yín dúró, ẹ lè ní kí wọ́n dá CPD yín dúró fún ìgbà díẹ̀, tó lè tó oṣù mẹ́fà, wọ́n á sì dín wákàtí ọdún yẹn kù fún yín. Orí 1CPD náà lẹ ti máa ṣe é. Ìgbà tí ìsinmi bá bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti fi sí i. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí ọmọ bá ti ń rìn kí ẹ tó máa wá ibi tí bọ́tìnnì wà.

Àmọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ àti ẹni tó ń ṣe ọjọ́ márùn-ún, 35 kan náà ni. Lójú tèmi, kò dọ́gba, mo sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ẹlòmíràn á ní ajá tí oníṣẹ́ ọjọ́ méjì ń wò kò mọ̀ pé oníṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi náà kò mọ̀ pé ìyá òun ń ka jọ́nà.

Odò Ẹran
Ẹ jẹ́ kí n bá àwa tí a wà nílé ẹran sọ̀rọ̀, torí a pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé iṣẹ́ Official Veterinarian níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran la kọ́kọ́ rí nílùú ọba, tí a ń fi abẹ́ la ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró wò látàárọ̀, tí a tún ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ẹran sọ̀kalẹ̀ lára ọkọ̀. Ẹ má rò pé kò sí CPD ńbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn tó gbà yín síṣẹ́ ń ṣe lórí bí a ṣe ń pa ẹran láìfìyà jẹ ẹ́ wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò ẹ̀dọ̀ ti jẹ lára àgùntàn tó wá láti ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ rin, tí ẹ lọ kà nípa rẹ̀, tí ẹ sì bá olóko sọ ọ́, ó wọlé dáadáa.

Àmọ́ ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà ńbẹ̀ nìyí: bí o bá ní in lọ́kàn láti kúrò lódò ẹran lọ sí kíníìkì, má fi gbogbo wákàtí rẹ jóná sórí ẹran pípa. Fi ìdajì rẹ̀ kọ́ nípa ajá àti ológbò. Nígbà tí o bá dé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ohun tó wà lórí 1CPD rẹ ni wàá ṣí hàn wọ́n. Ẹni tí kò tíì di abẹ́ mú ní kíníìkì fún ìgbà pípẹ́ ń fẹ́ ẹ̀rí pé òun kò jókòó lásán.

Dókítà Brooklyn
Ẹ̀yin ará ìlú ọba, ẹ ń jayé orí yín o! Ẹ máa dúpẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, kò sì sí "mo ka jọ́nà lálẹ́ àná" fún ọ̀pọ̀ wa.

Tèmi ní New York, wákàtí 45 láàárín ọdún 3. Èyí tí èèyàn dá kọ́ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 22 ààbọ̀ lọ nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì kò ní CPD láti ṣe ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, kí ó má lọ máa sáré kiri. Ní Maryland, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, wákàtí 18 lọ́dún. Ní California, 36 láàárín ọdún 2, wákàtí kan sì gbọ́dọ̀ wà lórí bí a ṣe ń lo oògùn apakòkòrò àrùn níwọ̀ntúnwọ̀nsì, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 4. Ẹ rí i pé ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ méjì ń bá kàlẹ́ńdà méjì jà.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò rèé: èèyàn á ra kọ́ọ̀sì tán kó tó ṣí ojú ìwé board rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Board ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo kọ́ọ̀sì náà, ṣé ó ní òǹtẹ̀ RACE tí AAVSB, ẹgbẹ́ àwọn board ọ̀hún, ń fún wọn, ṣé èyí tí wọ́n ń ṣe lójúkojú ni àbí fídíò tí ẹ máa dá wò. Fídíò kan náà tí ìpínlẹ̀ kan gbà lódindi, ìpínlẹ̀ kejì lè gba ìdajì rẹ̀ péré. Sátífíkéètì lọ́dọ̀ tiwa kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi méjì.

Ohun méjì míì tún wà tí kì í ṣe láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn èèyàn ń gbé pọ̀ mọ́ ọn. Àkọ́kọ́ ni ti USDA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀: àṣẹ tí wọ́n ń fún wa láti fọwọ́ sí ìwé ìlera ẹran tó ń rìnrìn àjò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ajá rẹ̀ lọ sí Èkó, ẹ̀yin tí ẹ ní àṣẹ yìí ni yóò wá bá. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe: ẹ̀kọ́ 3 fún Category I, tó jẹ́ ti ajá, ológbò àti irú wọn, 6 fún Category II tó kó gbogbo ẹran pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ẹ̀kọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì USDA fúnra wọn. Èkejì ni àṣẹ DEA, àjọ ìjọba tó ń rí sí oògùn olóró, fún àwọn oògùn tí ìjọba ń ṣọ́, ọdún mẹ́ta mẹ́ta lòun náà. Láti 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ẹ̀kọ́ wákàtí 8 lọ́wọ́ àwọn dókítà tó ní àṣẹ DEA. Òfin ọ̀hún yọ àwa dókítà ẹranko sílẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń tà á fún àwọn èèyàn wa bíi dandan. Ẹ má rà á.

Àgbà Ìbàdàn
Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń sọ látàárọ̀, ẹ kú làákàyè. Ó ku ìbéèrè kejì tí ọmọ yẹn béèrè, ó sì dà bíi pé gbogbo yín ń sá fún un.

Ọmọ mi, má já okùn ilé. Ọdọọdún là ń san owó láísẹ́ǹsì fún Council, ọdọọdún la sì ń lọ síbi ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n fọwọ́ sí, kí orúkọ wa má bàa rún mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń wò ó bí owó tó ń lọ lásán. Ṣùgbọ́n kí ni RCVS béèrè lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ sílẹ̀? Ṣé kì í ṣe lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Council pé ìwà rẹ dára, pé o kò sì jẹ gbèsè? Bí o bá fẹ́ lọ sí Kánádà lọ́la, tàbí sí Ọsirélíà, wọ́n lè tún béèrè rẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ èyí tó ti pẹ́. Ẹni tó ti fi owó ọdún púpọ̀ sílẹ̀ láìsan á wá máa bẹ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun dé Àbújá.

Kò-Gba-Gbẹ̀rẹ́
Àgbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú o. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Èmi kì í ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà mọ́, mi ò tọ́jú ẹran kankan ńbẹ̀. Kí ni mo ń san owó láísẹ́ǹsì fún? Lẹ́tà tí ẹ ń wí, bí mo bá nílò rẹ̀, màá san gbèsè mi lẹ́ẹ̀kan náà. Owó méjì lórí ẹnì kan ṣoṣo, lọ́dọọdún, nígbà tí owó ilé gbígbé ń pa wá níbí?

Àgbà Ìbàdàn
Mi ò bínú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ san gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ tí ojú bá ń kán an ló máa san án, iṣẹ́ tuntun á sì máa dúró dè é títí ìwé á fi jáde. Bí ìwọ bá mọ̀ dájú pé o kò ní lọ síbòmíràn, tí o kò sì ní padà wálé, ìpinnu rẹ nìyẹn. Ó kéré tán, kọ̀wé sí wọn pé o ti kúrò nílùú, má kàn dákẹ́. Ẹni tó kọ̀wé àti ẹni tó pòórá, ojú kan náà kọ́ ni wọ́n á fi wò wọ́n.

Dókítà Brooklyn
Mo wà lẹ́yìn Àgbà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbí ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí láti gbogbo ibi tí èèyàn ti gba láísẹ́ǹsì rí, kódà bó ti kúrò ńbẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin
Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì wà nílé, mo ń múra ìdánwò RCVS sílẹ̀. Ṣé ẹ̀kọ́ àfikún tí mo ń ṣe níbí lọ́dún yìí á wúlò fún CPD wọn?

Bàbá Ehoro
Kí orúkọ rẹ tó wọ ìwé wọn, wọn kò ka wákàtí kankan fún ọ. Ṣùgbọ́n tọ́jú gbogbo ìwé rẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ á fẹ́ rí i. Bí o bá ti di MRCVS, tí orúkọ rẹ ti wọ ìwé RCVS, ni ọ̀rọ̀ yí padà: wọn ò bìkítà ibi tí o ti kọ́ ẹ̀kọ́. Bí o bá lọ kí àwọn òbí rẹ tí ìpàdé ọdún NVMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko Nàìjíríà, sì bọ́ sí àsìkò náà, tí o jókòó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbógun ti dìgbòlugi, kọ ọ́ sílẹ̀. Dìgbòlugi kò sí lára ajá ìlú ọba, àmọ́ ajá ń ti òkèèrè wọlé síbí lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó ọdún náà kí n tó gbàgbé, torí Ọmọ Ṣakí kò béèrè, ó sì máa kàn án láìpẹ́. Òpin oṣù March ni owó RCVS gbọ́dọ̀ ti wọlé. Bí o bá ń tún orúkọ rẹ ṣe lórí àkáǹtì rẹ, wọ́n á ní kí o jẹ́rìí sí CPD rẹ, kí o sì sọ bóyá ilé ẹjọ́ ti dá ọ lẹ́bi ohunkóhun. Ka ìbéèrè yẹn dáadáa kí o tó tẹ "rárá". Kí o rí i pé ímeèlì tó wà lọ́wọ́ wọn ni èyí tí o ṣì ń lò, kì í ṣe ti iléèwé tí wọ́n ti pa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá já, tó sì ń bá iṣẹ́ lọ, ti rú òfin Veterinary Surgeons Act ti 1966. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtanràn kékeré.

Ọ̀pọ̀ kíníìkì ló ń san owó yìí fún òṣìṣẹ́. Wo àdéhùn rẹ. Bó bá jẹ́ pé àpò ara rẹ lo ti san án, RCVS wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí HMRC, ilé iṣẹ́ owó orí ìlú ọba, fọwọ́ sí, o lè gba owó orí padà lórí rẹ̀, o sì lè padà sẹ́yìn tó ọdún mẹ́rin. Orí gov.uk lo ti máa ṣe é fúnra rẹ, ọ̀fẹ́ ni. Má jẹ́ kí àwọn tó ń polówó "a ó bá ọ gba owó orí" jẹ nínú rẹ̀.

Kò-Gba-Gbẹ̀rẹ́
Ọdún mẹ́rin! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí. Mo ti ń wọ gov.uk lọ báyìí.

Ọmọ Ṣakí
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á máa gbé yín ga. Mo ti ṣí 1CPD, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti ìpàdé tí a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ológbò kan tí wọ́n fi oògùn eégbọn ajá sí lára. Permethrin ló wà nínú rẹ̀, ara ológbò náà ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n gbé e dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé irú ìjókòó yẹn ń wọlé.

Ó ku ẹyọ kan. Ìyàwó mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ẹran níbí, á parí lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé 35 ni tirẹ̀ náà?

Ìyá Ológbò
Rárá, 15 lọ́dún ni ti nọ́ọ̀sì. 1CPD kan náà ni wọ́n ń lò, àròjinlẹ̀ kan náà. Ìgbà tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ìwé ni kó ṣí tirẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì lè jọ máa gbọ́ wẹ́bínà kan náà lálẹ́, kí oníkálukú kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.